Bí ẹ ṣe lè fi kòkòrò àìfojúrí àti ìgbẹ́ adìyẹ wẹ ilẹ̀ tí epo ti bàjẹ́

Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì èyíkéyìí tó ti pẹ́, ì báà jẹ́ n'Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta tàbí ní Òṣogbo, kí ẹ wo ilẹ̀ ibẹ̀. Ó ti dúdú, ó ti le gbagidi, koríko kì í hù lórí rẹ̀, bí òjò bá sì rọ̀, omi tó bá dúró níbẹ̀ á máa dán láwọ̀ mẹ́ta mẹ́rin. Ẹ̀yìnkùlé tí jẹnẹrétọ̀ ńlá ti ń jo dísẹ̀lì sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí onílé bá fẹ́ gba irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ padà, ohun tó sábà máa ń ṣe ni pé á ra típà yẹ̀pẹ̀ pupa kan, á dà á lé e lórí, ó parí. Epo náà kò lọ síbì kankan. Abẹ́ yẹ̀pẹ̀ pupa ló wà, tó ń rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí omi kànga ti ń sun.

Ọ̀nà kan wà tó dáa ju ìyẹn lọ, tí kò sì gbówó púpọ̀ lórí: kí ẹ jẹ́ kí àwọn ohun ẹlẹ́mìí inú ilẹ̀ jẹ epo náà tán. Mi ò ṣàwàdà. Ọ̀pọ̀ bakitéríà ló wà nínú ilẹ̀, irú bíi Pseudomonas àti Rhodococcus, tí epo jẹ́ oúnjẹ fún. Epo rọ̀bì ti ń sun jáde láti inú ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kí èèyàn tó dé ilé ayé rárá, nítorí náà àwọn kòkòrò àìfojúrí wọ̀nyí ti mọ̀ ọ́n jẹ tipẹ́. Wọ́n á já ẹ̀wọ̀n kábónì inú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, ohun tó máa ń kù ni omi, irú gáàsì tí àwa náà ń mí síta, àti àwọn fúnra wọn tí wọ́n ti bí sí i.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣé kò sí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ mẹkáníìkì ni, tí epo fi wà níbẹ̀ láti ogún ọdún? Ó wà níbẹ̀. Kódà, irú wọn máa ń pọ̀ níbẹ̀ ju ilẹ̀ oko lọ, torí epo ló wà níbẹ̀ fún wọn láti jẹ. Ohun tó dá wọn dúró ni pé kábónì ló pọ̀ jù nínú epo. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbé òkìtì ẹ̀bà kan síwájú èèyàn láìsí ọbẹ̀, láìsí omi, nínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa. Ọbẹ̀ ibẹ̀ ni náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, tí kò tó nínú epo. Ilẹ̀ tó sì ti le kò jẹ́ kí omi àti atẹ́gùn ráyè wọlé. Ọbẹ̀, omi àti atẹ́gùn ni gbogbo iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí.

Ohun tí wọ́n ṣe ní Alaska, ní Amẹ́ríkà, náà nìyẹn lẹ́yìn tí ọkọ̀ epo Exxon Valdez gbá òkúta lójú òkun ní oṣù kẹta 1989, tí epo rẹ̀ sì dà sí etíkun. Wọ́n fi omi gbígbóná fọ àwọn òkúta etíkun títí, epo ṣì kù. Ajílẹ̀ ni wọ́n wá fọ́n síbẹ̀. Kòkòrò tó ti wà ní etíkun náà tẹ́lẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ epo kíákíá, bí ibẹ̀ ṣe tutù tó nì. Ooru tiwa ńkọ́! Nítorí náà, bí ẹnì kan bá gbé ìgò kòkòrò wá tà fún yín pé òun ló máa ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, ẹ fi owó yín sápò. Ìgbẹ́ adìyẹ ni kí ẹ fi rà.

Ibi tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ti dán an wò

Mo fẹ́ kí ẹ ka èyí kí ẹ tó gbé ọkọ́. Kòkòrò lè jẹ epo, ṣùgbọ́n kò sí kòkòrò tó lè jẹ irin. Òjé inú bátìrì ọkọ̀ kò ṣeé já sí wẹ́wẹ́; òjé ni yóò máa jẹ́ títí láé. Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń tú bátìrì, tí wọ́n ń da ásíìdì sílẹ̀, tàbí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé, ẹ má tú u, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé ṣeré níbẹ̀. Títú u yóò kàn sọ ọ́ di eruku tí gbogbo ilé á máa fà símú ni. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní 2010, òjé inú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láti fi wá wúrà pa ọmọdé tó ju 400 lọ. Bí wọ́n ṣe tún àwọn abúlé náà ṣe ni pé wọ́n wa yẹ̀pẹ̀ àgbàlá kúrò, wọ́n lọ sin ín, wọ́n sì da yẹ̀pẹ̀ tó mọ́ sípò rẹ̀. Kò sí ọgbọ́n míì.

Ibi kejì ni ilẹ̀ tí epo ti wọ̀ jìnnà. Ní oṣù kẹjọ 2011, UNEP, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, gbé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ lórí ilẹ̀ Ogoni ní ìpínlẹ̀ Rivers jáde. Wọ́n rí i pé epo ti wọlẹ̀ tó mítà márùn-ún ní àwọn ibì kan, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òkè ilẹ̀ nìkan ni àwọn tó ń tún un ṣe ń tú. Ìsàlẹ̀ wà bó ṣe wà. Ní Nisisioken Ogale, benzene, kẹ́míkà inú epo tó ń fa jẹjẹrẹ, tó wà nínú omi kànga tí àwọn èèyàn ń mu ju ìwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé fọwọ́ sí lọ ní ìlọ́po 900. Bí omi kànga yín bá ti ń rùn bí epo, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ọkọ́ àti ìgbẹ́ adìyẹ. Ẹ jáwọ́ nínú mímu omi náà lónìí, kí ẹ sì fi tó ìjọba létí: ilé-iṣẹ́ àyíká ti ìpínlẹ̀ yín, tàbí NESREA tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀.

Ibi tí iṣẹ́ yìí bá a mu ni ibi tí dísẹ̀lì, kẹrosíìnì tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ti dà sí, tí kò tíì jìn ju ìwọ̀n orúnkún lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ dá ibi tí epo ti ń wá dúró

Bí jẹnẹrétọ̀ bá ṣì ń jo, ẹ̀fúùfù lásán ni gbogbo rẹ̀. Ẹ tún un ṣe, ẹ gbé àwo irin sábẹ́ rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ẹ wá dúrọ́ọ̀mù kan tó ní ìdérí fún ọ́ìlì kọ́ńdẹ̀mù. Àwọn tó ń rà á kò wọ́n, owó ni. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé wọn kò gbọ́dọ̀ fi kẹrosíìnì fọ irinṣẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ mọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ bí epo náà ṣe fẹ̀ tó àti bó ṣe jìn tó

Ojú lásán kò tó. Ẹ gbẹ́ ihò kékeré bíi márùn-ún káàkiri, kí ọ̀kan wà láàárín gbùngbùn ibi tó dúdú jù, kí ìyókù wà létí. Bí ẹ bá ti ń gbẹ́ ẹ, ẹ máa bu yẹ̀pẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan ní gbogbo ìwọ̀n ìka mẹ́rin, ẹ tò wọ́n sórí pákó létòlétò kí ẹ má gbàgbé èyí tó ti òkè wá àti èyí tó ti ìsàlẹ̀ wá.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìgò oníke tó mọ́ gaara, irú èyí tí wọ́n ń ta omi sínú rẹ̀. Ẹ bu yẹ̀pẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú ìgò tirẹ̀, kó kún dé ìdá kan nínú mẹ́rin ìgò, ẹ da omi sí i dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ wá gbé e kalẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹ gbé ìgò náà sókè sí ìmọ́lẹ̀. Bí epo bá pọ̀, ẹ ó rí i tó ta lé omi lórí, ẹ ó sì rí àmì pupa rẹ́súrẹ́sú kan yípo inú ìgò níbi tí omi dé. Bí kò bá pọ̀, omi á kàn máa dán díẹ̀ lójú. Èyí tí kò ní nǹkan kan, omi rẹ̀ á kàn rí bí omi ẹrẹ̀ lásán, tí kò ní dán rárá. Ìwọ̀n ìjìnlẹ̀ tí ìgò ti mọ́ ni ẹ ó kà sí ìsàlẹ̀ iṣẹ́ yín. Kò tó àyẹ̀wò yàrá onímọ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti mọ ibi tí ẹ ó tú dé.

Ẹ fi tépù wọn gígùn àti fífẹ̀ ibẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ó lò ó láìpẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: àsìkò àti àwọn ohun tí ẹ ó nílò

Ìparí òjò, bí oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, ni mo fẹ́ràn jù ní ilẹ̀ Yorùbá. Ilẹ̀ ṣì rọ̀ láti tú, òjò ńlá tó lè wọ́ epo àti ajílẹ̀ lọ sí gọ́tà sì ti ń lọ. Lóòótọ́ ẹ ó máa bomi rin ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n omi tí ẹ fọwọ́ ara yín bù sàn ju àgbàrá lọ.

Ohun tí ẹ ó wá ni ọkọ́, ṣọ́bìrì, bárò, tapólì tó lè bo gbogbo ibẹ̀, kẹ́ẹ̀tù ìbomirin, bàtà òjò, ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn dé apá àti ìbomú. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín sí ìbọ̀wọ́. Ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ti lò ní àwọn kẹ́míkà tó ń fa jẹjẹrẹ nínú, ó sì ń gba ara wọlé. Bí ó bá jẹ́ pé pẹtiróòlù ló dà, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa nínú atẹ́gùn kí ẹ tó súnmọ́ ọn, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣáná nítòsí.

Fún oúnjẹ kòkòrò: ìgbẹ́ adìyẹ tó ti gbẹ, lẹ́búlẹ́bú pákó tó ti pẹ́ nílẹ̀ láti sọ́mìlì tàbí èèpo ìrẹsì, àti garawa eérú igi kan. Ẹ má lo ìgbẹ́ adìyẹ ní tútù. Ó ń gbóná, àmóníà inú rẹ̀ sì ń pa àwọn kòkòrò tí ẹ fẹ́ bọ́ gan-an. Ẹ kó o jọ sábẹ́ òrùlé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, títí tí òórùn tó ń ta ojú yẹn á fi lọ. Bí ẹ kò bá rí ti adìyẹ, ti màlúù tàbí ti ewúrẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n kò lágbára tó. Ẹ fi ìlọ́po méjì rẹ̀ sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ tú ilẹ̀ náà

Bí epo kò bá jìn ju ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà lọ, ojú ibẹ̀ náà ni ẹ ó ti ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ fi amọ̀ tàbí búlọ́ọ̀kù ṣe ìdènà yípo, kó ga tó ìwọ̀n ọwọ́, kí omi má bàa ṣàn wọlé tàbí jáde. Ẹ wá tú ilẹ̀ náà dé ìsàlẹ̀ tí ìgò fi hàn yín. Ẹ fọ́ gbogbo ògúlùtu. Atẹ́gùn kò lè wọ inú ògúlùtu tó tóbi ju ẹyin lọ. Ẹ ṣa àwọn nọ́ọ̀tì, irin, ọ̀rá àti àkísà jáde. Ó máa yà yín lẹ́nu bí irin tó wà nínú ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kan ṣe máa ń pọ̀ tó. Àwọn tó ń ra àlòkù irin á bá yín kó o.

Bí epo bá jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò sì tíì kọjá orúnkún, ẹ wa yẹ̀pẹ̀ náà jáde, kí ẹ tẹ́ tapólì tó nípọn sílẹ̀ tàbí kí ẹ lo orí kọnkéré, ẹ tẹ́ yẹ̀pẹ̀ náà lé e kó má ga ju ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà lọ. Bó bá ga jù bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ kò ní í mí. Ibi tí ẹ tẹ́ ẹ sí gbọ́dọ̀ jìnnà sí kànga tó ọgbọ̀n mítà ó kéré tán, kó má sì jẹ́ òkè kànga.

Ní ìgbésẹ̀ yìí ni ẹnì kan máa ń dámọ̀ràn pé kí wọ́n da omi ọṣẹ ìfọṣọ sí i kí epo lè ṣí. Ẹ má gbà. Ọṣẹ yóò tú epo náà ká, omi á sì gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ ibi tí ọkọ́ yín kò dé. Ẹni tó bá ní kí ẹ dáná sun ún tún burú jù, torí ohun tó fúyẹ́ ni iná máa ń jó. Èyí tó nípọn, tó sì lóró jù, á kù sílẹ̀, gbogbo àdúgbò á sì ti fa èéfín rẹ̀ símú.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìgbẹ́ adìyẹ mélòó?

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń fi ojú díwọ̀n nìyí, bẹ́ẹ̀ ìṣirò rẹ̀ kò le. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń lò ni pé, fún kábónì 100 tó wà nínú epo, kòkòrò nílò náítírójìn 10 àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì 1.

Ẹ jẹ́ ká mú ilẹ̀ kan tó gùn ní mítà mẹ́rin, tó fẹ̀ ní mítà mẹ́ta, tí epo wọ̀ dé ogún sẹ̀ǹtímítà. Mẹ́rin lọ́nà mẹ́ta lọ́nà 0.2 jẹ́ mítà onígun (cubic metre) 2.4. Bí a bá ka mítà onígun yẹ̀pẹ̀ kan sí tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kílò 3,600. Ká ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ilẹ̀ náà ni epo, ìyẹn kílò 36. Kábónì inú rẹ̀ á tó kílò 30. Nítorí náà, kílò náítírójìn mẹ́ta ni kòkòrò ń fẹ́. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ti gbẹ sábà máa ń ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta náítírójìn nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó túmọ̀ sí pé kílò ìgbẹ́ adìyẹ 100 ni yóò tó. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ á tó, á tún ṣẹ́kù.

Bí ẹ bá fẹ́ kó rọrùn jù bẹ́ẹ̀: páànù ìgbẹ́ adìyẹ kan sí páànù yẹ̀pẹ̀ mẹ́wàá. Iye kan náà ni ìṣirò méjèèjì ń bọ́ sí, tàbí kó súnmọ́ ọn. Ajílẹ̀ NPK 15-15-15 náà lè ṣe é. Kílò 20 ní kílò náítírójìn mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ adìyẹ wù mí ju NPK lọ, torí ó ń mú ilẹ̀ rọ̀, ó ń gba omi dúró, àìmọye kòkòrò míì sì bá a wá. Ẹni tó bá lo NPK, kó pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, kó máa fi ọ̀kan sí i lóṣooṣù. Bí ẹ bá dà á sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, iyọ̀ inú rẹ̀ á pa wọ́n.

Ẹ fọ́n ìgbẹ́ adìyẹ sí orí ilẹ̀ tí ẹ tú, ẹ fi páànù lẹ́búlẹ́bú pákó kan sí páànù yẹ̀pẹ̀ mẹ́wàá sí i bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ amọ̀. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ yanrìn, ẹ fò ó, torí lẹ́búlẹ́bú pákó máa ń bá kòkòrò du náítírójìn. Ẹ wọ́n eérú sí i, kó má pọ̀. Kòkòrò tó ń jẹ epo kò fẹ́ ilẹ̀ tó kan. Lẹ́yìn èyí, ẹ po gbogbo rẹ̀ títí àwọ̀ rẹ̀ á fi dọ́gba. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: omi

Ẹ bomi rin ín títí tí yóò fi rọ̀, kí ẹ wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fún un pọ̀ sínú àtẹ́lẹwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́. Bí omi bá ń kán láàárín ìka yín, ó ti pọ̀ jù. Omi ti gba àyè atẹ́gùn nìyẹn. Bí ẹ bá ṣí ọwọ́ tó sì tú ká lójú ẹsẹ̀, kò tíì tó. Èyí tó dára á dúró ní òkìtì bí ẹ bá ṣí ọwọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tì í díẹ̀, á là sí méjì. Ẹ máa ṣe àyẹ̀wò yìí ní gbogbo ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà ọyẹ́, ojoojúmọ́ ni, torí atẹ́gùn ọyẹ́ lè gbẹ òkè ilẹ̀ láàárín òwúrọ̀ sí ìrọ̀lẹ́.

Ẹ fi tapólì bò ó lọ́sàn-án tí oòrùn bá mú, àti nígbà tí òjò bá ṣú. Ẹ ká a lálẹ́ kó lè mí.

Ìgbésẹ̀ keje: títú u

Èyí ni ibi tí iṣẹ́ náà ti ń bàjẹ́ mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́. Wọ́n á po ó lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ìtara, wọ́n á gbàgbé rẹ̀ fún oṣù méjì, wọ́n á wá ní kò ṣiṣẹ́. Kí kòkòrò tó lè jẹ kílò epo kan tán pátápátá, ó nílò tó kílò mẹ́ta ààbọ̀ ọ́síjìn. Ibo ni ìyẹn á gbà wọ inú ilẹ̀ tó ti tún dì? Ọkọ́ yín ni ọ̀nà rẹ̀.

Ẹ tú u lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún oṣù méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Ẹ yí ti ìsàlẹ̀ sí òkè, kí ti òkè lọ sísàlẹ̀. Bí ẹ bá tú u tí ó rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, atẹ́gùn kò dé ibẹ̀. Ẹ dín omi kù, kí ẹ tú u lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yẹn. Bí ó bá ń ta ojú bí ìtọ̀, ìgbẹ́ adìyẹ ti pọ̀ jù. Ẹ fi lẹ́búlẹ́bú pákó sí i.

Òórùn ọjọ́ àkọ́kọ́ lè bí àwọn alájọgbé nínú. Ó sàn kí ẹ ti sọ fún wọn ṣáájú.

Báwo lẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ń lọ?

Imú ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Láàárín oṣù kìíní sí ìkejì, òórùn dísẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí á wá rọ́pò rẹ̀. Apá kan nínú ohun tó fúyẹ́ gbẹ sínú atẹ́gùn ni o, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni kòkòrò jẹ, nítorí náà ẹ má fi imú nìkan ṣèdájọ́.

Ẹ tún ìgò ti ìgbésẹ̀ kejì lò lóṣooṣù, kí ẹ fi wé ti oṣù tó kọjá. Ẹ tún gbin ẹ̀wà. Ẹ bu yẹ̀pẹ̀ tí ẹ ń tọ́jú sínú agolo kan, yẹ̀pẹ̀ oko tó mọ́ sínú òmíràn, ẹ gbin ẹ̀wà mẹ́wàá mẹ́wàá sínú wọn, ẹ bomi rin wọ́n bákan náà. Ẹ̀wà ni mo ní, kì í ṣe àgbàdo, torí àgbàdo lè fara da epo díẹ̀, ó sì lè tan yín. Ní ọjọ́ kẹwàá, ẹ ka iye tó hù, kí ẹ wá fà wọ́n tu, kí ẹ wo gbòǹgbò. Nínú ilẹ̀ tí epo ṣì pọ̀ sí, gbòǹgbò á kúrú, orí rẹ̀ á dúdú, kò ní í ní àwọn irun wẹ́wẹ́ yẹn. Ọjọ́ tí ti agolo méjèèjì bá jọra ni ẹ tó lè sọ pé ẹ ti súnmọ́ ọn. Ekòló náà jẹ́ ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbà gbọ́. Kì í gbé inú epo.

Dísẹ̀lì sábà máa ń gbà tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà nínú ooru ilẹ̀ wa. Ọ́ìlì kọ́ńdẹ̀mù lọ́ra gan-an. Ó lè gbà tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan dúdú kan á sì ṣì kù.

Bó bá ṣeé ṣe, ẹ gbé yẹ̀pẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò kẹ́míṣírì ní yunifásítì tó súnmọ́ yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì gbé òmíràn lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n wọn TPH fún yín, ìyẹn àpapọ̀ epo tó wà nínú kílò ilẹ̀ kan. Nínú EGASPIN, ìlànà àyíká fún iṣẹ́ epo ní Nàìjíríà, ilẹ̀ tí tirẹ̀ bá tó mílígíráàmù 5,000 nínú kílò kan ni wọ́n ní ó di dandan kí a tọ́jú. 50 ni wọ́n fẹ́ kó bọ́ sí ní ìkẹyìn. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tí mo fi ṣe ìṣirò lókè jẹ́ 10,000.

Fún èyí tó kù: olú àti koríko

Nǹkan dúdú tí bakitéríà kò rí jẹ tán, àwọn olú kan lè gbìyànjú rẹ̀. Irú olú tó ń mú igi jẹrà di funfun ní oje kan tó ń fi tú igi, oje náà sì máa ń tú àwọn kẹ́míkà líle tó wà nínú ọ́ìlì pẹ̀lú. Ní 1985 ni àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ọ̀kan lára wọn, Phanerochaete chrysosporium, lè jẹ àwọn nǹkan bíi DDT, ìyẹn oògùn apakòkòrò, àti àwọn kẹ́míkà tó wà nínú èéfín àti ọ̀dà. Èyí tó rọrùn láti rí níbí ni olú tí wọ́n ń sìn fún títà, Pleurotus. Ẹ ra irúgbìn rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń sin olú, ẹ gbìn ín sínú lẹ́búlẹ́bú pákó tí ẹ ti sè, tó sì ti tutù. Bí okùn funfun rẹ̀ bá ti gba gbogbo rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ láàárín yẹ̀pẹ̀ náà ní ìpele ìpele, lábẹ́ ìbòòji, ẹ jẹ́ kó wà ní rírọ̀. Láti ìgbà yìí lọ, ẹ má tú u mọ́, torí ọkọ́ á já okùn olú.

Olú tó bá yọ jáde níbẹ̀ kì í ṣe jíjẹ o, bó ti wù kó dára lójú tó. Ó lè ti fa òjé àti kádímíọ̀mù, irin olóró míì, láti inú ọ́ìlì mọ́ra. Ẹ ká a, ẹ tún un sin sínú ibẹ̀ kí ọmọdé tó rí i.

Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà olú lè fọ́n irúgbìn koríko síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wà àwùjẹ tàbí ẹ̀wà míì. Gbòǹgbò wọn á máa la ilẹ̀, á sì máa bọ́ kòkòrò tó yí i ká. Ẹ má já koríko ibẹ̀ fún ewúrẹ́.

Kí ni kí ẹ fi ilẹ̀ náà ṣe?

Ibi ìgbọ́kọ̀sí, ilé, òdòdó, igi ìbòòji: kò sí èyí tó burú níbẹ̀ bí TPH bá ti lọ sílẹ̀ dáadáa. Ẹ̀fọ́ ni ẹ kò gbọ́dọ̀ kánjú gbìn. Tẹ̀tẹ̀ pàápàá, ó mọ òjé fà gan-an. Bí ẹ bá fẹ́ gbin ohun jíjẹ sí ilẹ̀ tó jẹ́ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì rí, ẹ ní kí yàrá àyẹ̀wò wo òjé, kádímíọ̀mù àti síǹkì mọ́ TPH. Bí wọ́n bá ní ìkan nínú wọn pọ̀, ẹ ṣe ebè onígi tó ga, ẹ tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ gbé yẹ̀pẹ̀ láti ibòmíì wá kún un, kí ẹ gbin ẹ̀fọ́ yín sínú ìyẹn.